Kọ́kọ́rọ́ Géètì Ẹ̀yìn

Ọjọ́ ìpàdé onílé ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, lọ́jọ́ Àìkú kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lábẹ́ páànù tí Alága wa ta síwájú ilé rẹ̀ ní Bárùwá: pé kí èèyàn múra sílẹ̀ de ewu kí ewu tó dé. Mo gbọ́ ọ ketekete. Etí mi kò di. Ẹ̀rín ni mo fi rín. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má rò pé ẹkún ni mo fẹ́ wá sun fún yín. Mo ti sunkún tán. Inú ló ń bí mi, ẹni tí mo sì ń bínú sí jù lọ ni arúgbó tó mú bírò lọ́wọ́ yìí.

Bíríkìlà ni mí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ́ ilé tí mo ń gbé. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún kí n tó mọ̀wé kà. Ara pátákó ojú títì àti ìwé ìròyìn tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà ni mo ti kọ́ ọ, láìsí olùkọ́. Ẹni tó bá dá kọ́lé, tó tún dá kọ́ ara rẹ̀ níwèé, kì í pẹ́ tó fi máa ń rò pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún lè kọ́ òun. Àìsàn tó ṣe mí nìyẹn.

Ọ̀nà méjì ló wọ àdúgbò wa. Àgbàrá ti gbẹ́ ọ̀nà iwájú, ọkọ̀ ńlá kò lè gbà á mọ́. Ọ̀nà ẹ̀yìn ló dára, òun la sì fi géètì irin dí nítorí olè. Ìrọ̀lẹ́ la máa ń ṣí i fún àwọn tó ní mọ́tò, a ó sì tì í padà. Èmi ni wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí lọ́wọ́, nítorí wọ́n mọ̀ pé n kì í fi nǹkan ṣeré. Ṣéènì ara rẹ̀, èmi ni mo lọ rà á ní Ìkòtún, mo sì sọ fún ẹni tó tà á pé kó fún mi ní èyí tó nípọn jù.

Obìnrin tó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, Nọ́ọ̀sì là ń pè é. Ayálégbé ni, ilé kejì sí tiwa ló ń gbé. Ẹ sì mọ ìpàdé onílé: ayálégbé kì í lóhùn níbẹ̀. Ó bẹ̀bẹ̀, bẹ̀bẹ̀, kí Alága tó fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ní kí ilé kọ̀ọ̀kan mọ ọ̀nà méjì tí wọ́n lè gbà sá jáde bí iná bá ṣẹ́ yọ. Ó ní ká bu iyanrìn sínú korobá sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ká sì mọ àwọn arúgbó àti aláìsàn tí kò lè sáré, ká mọ ẹni tí yóò gbé wọn. Ó wá yíjú sí mi. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gé kọ́kọ́rọ́ géètì ẹ̀yìn yẹn sí mẹ́rin, kó wà nílé mẹ́rin. Bí ẹ ò bá sí nílé ńkọ́?”

Mo dìde. “Kọ́kọ́rọ́ mẹ́rin, olè mẹ́rin!” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Orí mi wú. Mo ní, “Ìwọ ọmọ yìí, nígbà tí mò ń mọ bíríkì ilé mi, ṣé wọ́n ti bí ẹ?” Alága, àgbà onísùtánà funfun, kò tiẹ̀ jẹ́ kó fèsì. Ó nawọ́ sókè. “Iná ò ní jó wa! A ò ní fi ẹnu ara wa pe ibi wá sáàárín wa. Ẹ ṣe Àmín!” A ṣe Àmín. Èmi Mùsùlùmí, tèmi ló le jù. Bẹ́ẹ̀ la ṣe fi àdúà pa ẹnì kan lẹ́nu mọ́.

Ìyàwó mi, Ìyá Múká, ti gbọ́ kí n tó wọlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì ti ń yọ ọ́ lẹ́nu láti ọdún mélòó kan, ọ̀pá ló fi ń rìn. “Bàbá Múká, wọ́n ní ẹ dójú ti ọmọ ọlọ́mọ.” Mo ní ta ló sọ fún un. “Ẹ̀rín yín ni. Ibi tí mo jókòó sí yìí ni mo ti gbọ́ ọ. Ẹ gé ọ̀kan fún èmi nìkan, kí n so ó mọ́ ìró mi.” Mo ní obìnrin máa ń sọ nǹkan nù. “Háà! Ta ló gbàgbé fìlà sí mọ́ṣáláṣí ní Jímọ̀ tó kọjá?” Mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ àpò mi. Wọ́n ní ogun àsọtẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Arọ tèmi gbọ́n. Ọkọ rẹ̀ ni kò gbọ́n.

Kò pé oṣù méjì, lọ́jọ́ Jímọ̀, mo lọ kírun lọ́nà jíjìn, ní ibùdókọ̀ Pleasure. Mọ́ṣáláṣí wà nítòsí wa o, wáàsí ti ọ̀hún ni mo fẹ́ràn. Mo pa fóònù mi bí wọ́n ṣe máa ń ní ká pa á. Bí mo ṣe ń forí kanlẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ń gún mi nítan.

Ẹnu àwọn tó wà nílé ni mo ti gbọ́ ìyókù. Gáàsì ń jò nílé ìdáná wa, iná sọ, ó ran kọ́tìnì, ó gun àjà. Ìyá Múká wà ní yàrá, ilé ìdáná ló sì wà láàárín òun àti ẹnu ọ̀nà. Irin tó wà lójú fèrèsé yàrá náà, ọwọ́ mi ni mo fi rì í mọ́ ògiri. Nọ́ọ̀sì ló pe àwọn panápaná, òun náà ló kó àwọn obìnrin jọ tí wọ́n ń fa omi kànga, nítorí ọkùnrin kò pọ̀ nílé lọ́sàn-án Jímọ̀. Àwọn panápaná kò sì pẹ́! Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ mọ́ wọn. Wọ́n dé géètì ẹ̀yìn, wọ́n bá ṣéènì mi níbẹ̀. Wọ́n ní ta ló ni kọ́kọ́rọ́. Àwọn obìnrin ní Bàbá ni. Wọ́n pè mí títí, fóònù mi kò lọ. Àwọn panápaná fi òòlù lu ṣéènì, wọ́n fi ayùn rẹ́ ẹ. Èyí tó nípọn jù ni mo rà, àbí mi ò sọ fún yín? Nígbà tó fi máa já, àjà ti wó. Nọ́ọ̀sì ní èéfín ló pa á, pé iná kò dé ara rẹ̀. Ó rò pé ìyẹn yóò tù mí nínú. Ó ní òun dúró lójú fèrèsé, òun di ọwọ́ rẹ̀ mú láàárín irin títí ọwọ́ náà fi dẹ̀.

Àwọn èèyàn wá ń kí mi. Àmúwá Ọlọ́run ni, àmúwá Ọlọ́run ni! Ṣé Ọlọ́run ló ra ṣéènì ní Ìkòtún? Níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ, Alága ní Ọlọ́run ló fún ni, òun náà ló gbà á. Mo pariwo mọ́ ọn lójú gbogbo ayé: “Ẹ fi Ọlọ́run sílẹ̀ jàre! Èmi àti ẹ̀yin la gbà á!” Wọ́n ní ìbànújẹ́ ti ń da bàbá lórí rú.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó mú mi gbé bírò. Ogójì ọjọ́ kò tíì pé tí àwọn onílé fi ra ṣéènì tuntun, wọ́n ti géètì padà, wọ́n sì mú kọ́kọ́rọ́ wá bá mi. Ọ̀kan ṣoṣo! “Bàbá, a ò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín,” ni Alága wí. “A ṣì fọkàn tán yín.” Ìtùnú tí wọ́n mú wá nìyẹn. Mo fẹ́ pè wọ́n ní ọ̀dájú, ṣùgbọ́n mo mọ ìwà náà dáadáa, agídí ni, ilé mi ló ń gbé.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá àwọn tó ń gé kọ́kọ́rọ́ ní Ìgàndò, mo gé mẹ́fà. Nọ́ọ̀sì ni mo kọ́kọ́ fún, mo sì bẹ̀ ẹ́. Ó gbà á. Alága ní mo ti rú òfin ẹgbẹ́, pé wọn yóò pè mí lẹ́jọ́. Kí wọ́n pè mí. Mò ń retí wọn.

Ẹ̀yin ará Ẹgbẹ́dá, ẹ̀yin ará Ìkòtún, ẹ̀yin tí ẹ wà níbikíbi: ta ló ni kọ́kọ́rọ́ géètì yín? Bó bá jáde ńkọ́? Ìyá arúgbó ilé kejì sí tiyín, ta ni yóò gbé e? Ẹ dìde nísinsìnyí, ẹ lọ béèrè. Ẹ má dúró de ìpàdé.

Ohun tó bá iná lọ nílé mi nìyí: yàrá mẹ́ta àti ilé ìdáná. Bẹ́ẹ̀dì méjì. Àpótí aṣọ mẹ́ta. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan. Obìnrin kan, Rábíátù, ìyàwó mi láti ọdún méjìlélógójì.