Ohun Tí Mo Kà fún Màmá Nínú Sinimá Tí Kò Lóhùn

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni màmá mi yóò wọkọ̀ òfuurufú padà sílé, ọ̀rọ̀ kan sì há mi lọ́fun tí n kò lè gbé mì, tí n kò sì lè pọ̀. Bí mo bá gbé tíì síwájú wọn láàárọ̀, wọ́n á wò mí lójú, wọ́n á ní, "O ṣé, Àbẹ̀kẹ́," èmi á sì yíjú sí fèrèsé bí ẹni tó ń wo snow. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó tì mí díẹ̀. Iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe nílé kí n tó tẹ̀lé ọkọ mi wá sí Calgary ní Kánádà níbi tó ti ń kàwé, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti àárín.

Màmá wá bá wa tọ́jú ọmọ tuntun ni. Basement kan, ìyẹn iyàrá abẹ́ ilé, là ń gbé ní àdúgbò Marlborough. Màmá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tẹlifíṣọ̀n kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan ju kó kùn wọ́n lóorun. Ọmọ mi àgbà gan-an, tí wọ́n bá pè é wá jẹun, á ní, "Grandma, I'm not hungry," Màmá á wá yíjú sí mi: "Kí ló wí?" Ìgbà tó yá ni ọkọ mi gbọ́ pé ilé ìkàwé ńlá tó wà láàárín ìlú máa ń fi sinimá àtijọ́ hàn lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ̀sán Sátidé. Ó ní òun á gbé ọmọ, kí èmi àti Màmá máa wọ train lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé irú sinimá tí mò ń wí. Nígbà tí wọ́n ṣe é, wọn kò tíì máa fi ohùn sínú sinimá. Ẹnu àwọn òṣèré á máa mì, ẹ kò ní gbọ́ nǹkan kan, àfi dùùrù tí ẹnì kan ń tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ọ̀rọ̀ pàtàkì bá dé, àwòrán á kúrò, wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ náà sójú aṣọ funfun tí àwòrán ń hàn lára rẹ̀ kí olúkúlùkù kà á. Ìtàn ayé ọjọ́un ni wọ́n fẹ́ràn jù: ìlú olódi, ọba, kẹ̀kẹ́ ogun tí ẹṣin ń fà, èrò tó pọ̀ bí eèrà. Èmi ni mò ń ka ọ̀rọ̀ náà sí Màmá létí ní Yorùbá. Inú wọn dùn púpọ̀. Wọ́n ní, "Ibí nìkan lèmi àtòyìnbó ti dọ́gba. Àwọn náà ò gbọ́ nǹkan kan." Nígbà tí ọba kan jáde nínú aṣọ kúkurú, wọ́n ní, "Ọba wo ló ń wọ tòbí jókòó sórí ìtẹ́?" Mo rẹ́rìn-ín títí ọkùnrin iwájú wa fi bojú wẹ̀yìn.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni àbúrò bàbá wa tẹ̀ wá láago láti ilé. Bọ̀dá Àkànní, àkọ́bí Màmá, ti bá jàǹbá ọkọ̀ lọ. Ó ní, "Má jẹ́ kí ìyá rẹ gbọ́ ọ níbẹ̀ o. Jẹ́ kó délé, kó wà láàárín àwọn èèyàn rẹ̀." Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, a kì í túfọ̀ ọmọ fún ìyá lájò, pàápàá ìyá tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo gbà. Ṣùgbọ́n Sátidé ni àwọn ará ilé wa tó wà níbí máa ń wá kí ọmọ tuntun, bí ẹnì kan bá sì ṣèèṣì kí wọn kú ọ̀fọ̀ ńkọ́? Bí sinimá ṣe di ibi ìsápamọ́ mi nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́, Màmá á fi kásẹ́ẹ̀tì tí Bọ̀dá sọ̀rọ̀ sí sínú ẹ̀rọ. "Àkànní ò tíì fi tuntun ránṣẹ́ ni?" Màá ní, "Bóyá kò tíì rẹ́ni fi rán, Màmá."

Ní Sátidé kan, ogun dó ti ìlú kan nínú sinimá. Ìyá kan dúró lẹ́sẹ̀ odi, ó ń retí ọmọ rẹ̀ tó bá àwọn ọmọ ogun jáde. Ìránṣẹ́ kan dé, ó kúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ jáde sójú aṣọ: wọ́n ti pa ọmọ rẹ lẹ́nu ibodè. Èmi tí mo ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé ohun tó wà lójú bọ́ọ̀dù ni kí wọ́n kà, mo yí i padà. Mo ní, "Wọ́n ní ọmọ rẹ̀ lọ sí ìrìn àjò, ó máa pẹ́ kó tó dé."

Obìnrin náà tú ìborí rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń bu erùpẹ̀ sórí. Ó la ẹnu, kò sí ohùn.

"Àbẹ̀kẹ́, ìrìn àjò wo lọmọ lọ tí ìyá ń bu erùpẹ̀ sórí?"

"Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn, Màmá."

"Hùn. N ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà."

Wọ́n fi sinimá sílẹ̀, wọ́n wá ń wo ojú tèmi. Nínú train, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, "Ọmọ kú sàn ju ọmọ nù lọ. Ìyá yẹn, ẹni tó sọ fún un ṣe é lóore." Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Màmá kò fi kásẹ́ẹ̀tì yẹn sínú ẹ̀rọ mọ́. Wọ́n fi gèlè wé e, wọ́n tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí.

Ọkọ mi ní kí n má kọjá ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà sọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí Màmá bá ti mọ̀ ńkọ́, tó jẹ́ pé nítorí tèmi ni wọ́n ṣe ń pa ẹkún mọ́ra? Bí mo bá sọ, Màmá nìkan ni yóò gbé ọ̀fọ̀ náà wọ inú ọkọ̀ òfuurufú. Bí n kò bá sì sọ, ṣé kì í ṣe àwọn nìkan náà ni? Ẹ̀yin tí ẹ ti túfọ̀ fún ìyá yín rí, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀?

Ọ̀la ni Sátidé. Màmá ti ní ká tún lọ lẹ́ẹ̀kan sí i kí àwọn tó máa lọ sílé. Wọn kì í bi mí mọ́ pé kí ni wọ́n kọ. Bí ọ̀rọ̀ bá ti jáde sójú aṣọ funfun, ojú mi ni wọ́n ń wò, wọ́n á sì dúró.