Ojú Bọ̀dé Ni Mo Yà Sínú Ìwé Òògùn Olóró

Ẹ̀yin òǹkàwé, ó ti rẹ̀ mí. Ó tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú, ìyàwó mi pàápàá kò gbọ́. Ohun tí ọ̀rẹ́ mi ṣe fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá ló jẹ́ kí n sọ ọ́.

Iṣẹ́ fọ́tò àti pátákó kíkọ ni mò ń ṣe ní Ìkọ̀lé. Nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wa, tíṣà kan gbé iṣẹ́ ìwé kan fún mi. Ìtàn lílo òògùn olóró ni, láti orí tábà àwọn baba wa títí dé orí igbó. Èmi ni mo ya àwòrán inú rẹ̀, èmi náà ni mo to ojú ìwé. Wọ́n pín in fún àwọn ọmọ iléèwé.

Àwòrán kan ló kù, ti ọkùnrin tó ń fa igbó nínú oko kòkó. Ó ti sú mi. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù Bọ̀dé, ọ̀rẹ́ mi ará Ìpáò, wà lórí tábìlì, kò tíì wá gbà á. Mo wò ó yà, n kò yọ àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pàápàá sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ìkà, ọ̀lẹ ni. Bọ̀dé kò fa sìgá rí.

Lọ́dún kejì, ó fẹ́ fẹ́ ìyàwó ní Orin. Ẹ mọ̀ pé àwa kì í fi ọmọ fún ènìyàn láìwádìí. Àwọn àna wá sí Ìpáò wá wádìí rẹ̀. Nílé tí wọ́n dé sí, ọmọ kan ń ka ìwé mi. Bàbá ìyàwó rí ojú tó mọ̀. Wọn kò bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́, wọ́n padà sílé, wọ́n ní àwọn kò lè fi ọmọ fún ẹni tó ń fa igbó.

Bọ̀dé bẹ̀ mí, mo bá a lọ sí Orin. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní inú orí mi ni mo ti yọ ojú náà, pé ènìyàn ló jọ ènìyàn. Wọn kò gbà. Ká ní mo sọ nípa fọ́tò yẹn, wọn ì bá fún un níyàwó. Ojú ló tì mí. Ọ̀rọ̀ náà tàn ká; láti ìgbà náà, kò sí ilé tó fún un lọ́mọ mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé iṣu tuntun wá fún mi. Ó ní, "Gba uṣu yìí. Gbogbo ayé sá fún mi, uwọ nìkan lo bá mi dé ulé àna." Mo gbà á, mo dúpẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n jẹ́wọ́ fún un, kó pàdánù ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tó rò pé òun ní? Àbí kí n máa jẹ iṣu rẹ̀ lọ?