Ewúrẹ́ Tí Kò Tíì Dé Òdìkejì Odò

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jókòó. Dókítà ti sọ òótọ́ ara mi fún mi, ó tó àkókò kí èmi náà sọ òótọ́ ọwọ́ mi fún yín. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi kò tilẹ̀ rìn tó bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́jọ péré ni, ó sì ti rẹ̀ mí.

Lọ́dún 1981, ìjọba rán àwa tíṣà kan lọ sí England fún kọ́ọ̀sì oṣù mẹ́ta. Ní ìlú kékeré kan létí òkun, mo wọ ilé kan tí wọ́n kó àwòrán sí, irú àwòrán tí ń rìn nínú sinimá ọmọdé. Mo rí aago tó ń rẹ́rìn-ín. Mo gun àtẹ̀gùn tó ń kọrin bí mo ti ń tẹ̀ ẹ́. Nínú yàrá kan, wọ́n to ọgọ́rùn-ún abala ìwé yí àgbá ńlá kan ká, ewúrẹ́ kan náà ni wọ́n yà sí gbogbo wọn, àfi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀kan dé èkejì. Nígbà tí àgbá náà yí, ewúrẹ́ náà sáré, ó sì fò kọjá odò. Ẹnu mi kò padé mọ́. Èmi àgbà ọkùnrin, mo sunkún. Ó dà bí ẹni pé mo dúró ti Ọlọ́run lọ́jọ́ tó mí èémí sínú erùpẹ̀.

Obìnrin tó ń yí àgbá náà ló fún mi ní áńkáṣífì. Susannah ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú-Ìmùsìn. Ohùn mi ló fi mọ̀ pé ará ilé ni mí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó tú okùn tí wọ́n fi ń dá àlejò dúró, ó ní kí n súnmọ́ ọn kí n wò ó dáadáa. Ó wá lọ mú ìborùn kan tó fẹ́ kí n bá òun fún ìyá òun. Kó tó padà dé, mo ti yọ ìwé kan. Èmi tí mo ń na ọmọ tó bá jí ṣọ́ọ̀kì! Mo ní nínú ọgọ́rùn-ún, ọ̀kan kò ní hàn. Inú ìborùn yẹn gan-an ni mo ká a sí, nítorí ta ni yóò tú ẹrù tí ọmọ fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀?

Nígbà tí mo délé, mo yọ ìwé náà, mo sì fún ìyá Susannah ní ìborùn rẹ̀. Kò ju oṣù mẹ́rin lọ lẹ́yìn náà tí ìyá Susannah fi ránṣẹ́ pè mí sí Ìmùsìn. Lẹ́tà ọmọ rẹ̀ dé, kò sì mọ̀wé, ó ní kí n bá òun kà á. Susannah kọ ọ́ pé bí ewúrẹ́ náà bá dé ojú odò, ńṣe ló ń ṣe bí ẹni tó kọsẹ̀. Àwọn ọ̀gá ti ka iye ìwé náà, ọ̀kan kò sí, wọ́n sì ti lé òun bí olè. Ó ní kí Màmá bá òun bẹ tíṣà kó kọ̀wé sí wọn pé òun kò mú nǹkan kan, torí òun kò lè fi orúkọ olè wálé.

Màmá fọwọ́ lẹ́rán, ó ń wo ẹnu mi. "Tíṣà, kí ló wí?"

"Ó ní iṣẹ́ ń lọ dáadáa, Màmá. Ó ní kí ẹ má retí òun láìpẹ́."

Ó wúre fún mi, ó sì di gààrí fún mi lọ sílé. Ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́. Lẹ́tà mẹ́ta míì ni mo kà fún un bẹ́ẹ̀. Títí tó fi kú lọ́dún 1986, kò sí ẹni tó ti òkè òkun dé tí kò bi léèrè ọmọ rẹ̀.

Ìwé náà nìyí lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Ẹ wá Susannah kàn, ẹ fi í lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú lẹ́tà tí mo kọ sí àwọn ọ̀gá rẹ̀, ẹ sì bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá ń kàwé fún ẹni tí kò mọ̀wé, ojú rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ yín, ẹ má fọ́ ọ. Ẹ wo ewúrẹ́ yìí. Ó ṣì lẹ́wà. Láti ọjọ́ tí mo ti yọ ọ́ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wà lókè, kò tíì balẹ̀.