Ọjọ́ tí Mo Tìlẹ̀kùn Mọ́ Captain Nítorí Kíríkẹ́ẹ̀tì

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ojú tó tún tì mí. Ọ̀rọ̀ yìí, ìyàwó mi gan-an kò mọ̀ ọ́n tán, pásítọ̀ mi kò sì gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀. Èmi Ọláfimíhàn, díkónì nínú ìjọ, tí gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà ní Dacula, l'Amẹ́ríkà níbí, ń pè ní bàbá dáadáa, mo hùwà ìkà sí ẹni tó kọ́ mi ní eré. Ẹni náà ti kú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Hikmah, wá ní kí n jókòó sípò bàbá níbi ìdána òun lóṣù tó ń bọ̀. Mi ò lè fi irọ́ jókòó sórí àga yẹn.

Sùlèímọ́nù lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Captain la máa ń pè é, torí òun ni olórí àwa tó ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì nílé ìwé wa n'Ìbàdàn. Kíláàsì méjì ló fi ṣáájú mi. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di báàtì mú. Òun náà ló sọ mí di alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ West Indies, láyé ìgbà tí wọ́n ń lu ẹni tó bá dúró níwájú wọn bí ẹni lu bàrà. Ayé yẹn ti lọ. Àwọn tí à ń wò báyìí, ká má parọ́, ìjákulẹ̀ gbáà ni wọ́n. Lọ́dún tó kọjá, England ni wọ́n ti lọ ń gbá eré ọlọ́jọ́ márùn-ún, èmi àti ọ̀rẹ́ mi Ernest sì máa ń wò ó ní pálọ̀ mi láàárọ̀, torí ọ̀sán tiwọn ni àárọ̀ tiwa. Bọ́ọ̀lù tó yẹ kí ọmọ fi sílẹ̀ kó kọjá lọ, á sáré na báàtì lé e, bọ́ọ̀lù á wó igi ẹ̀yìn rẹ̀, eré tirẹ̀ á parí, á sì rìn jáde kúrò lórí pápá bí ẹni tó ti ṣíwọ́ iṣẹ́. Inú a máa bí mi débi pé màá gbàgbé tíì mi títí á fi tutù.

Àsìkò yẹn ni Captain wá kí Hikmah láti Ìbàdàn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wá bá wa wo eré, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni àwọn ọmọ West Indies wa sì ń jáde lórí pápá ní kété tí Captain bá ti jókòó. Nígbà kejì, bó ṣe dìde lọ sí balùwẹ̀, Ernest fẹnu sí mi létí. Ó ní, "Fimíhàn, ẹsẹ̀ ọkùnrin yìí ò dáa o. Before he come, we dey okay." Ó yẹ kí n bá a wí. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí mo kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Sunday School pé kò sí ohun tó ń jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ burúkú. Ohun tí mo fi dá a lóhùn ni pé, "Èmi náà ti ń ṣàkíyèsí ẹ̀." Àgbàyà ni mí.

Eré tó kàn bọ́ sí ìparí ọ̀sẹ̀ tí Captain fẹ́ padà sílé. Ọjọ́ Sátidé yẹn gan-an ni àwọn ọmọ wa gbọ́dọ̀ dúró ṣinṣin, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ a gbé. Mo pe Captain nírọ̀lẹ́ Fúráìdè. Mo ní, "Captain, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Wọ́n ní òjò á rọ̀ ní England lọ́la, kò ní sí eré." Irọ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Òjò náà ńkọ́? Ká jọ jókòó ká máa wo òjò. Mọ́ńdè ni mò ń lọ, Fimíhàn, ta ló mọ ìgbà tí a tún máa ríra?" Mo ní màá pe é padà. Mi ò pè é.

Láàárọ̀ Sátidé, Hikmah ń lọ síbi iṣẹ́ ní College Park, ó já bàbá rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ilé wa, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Agogo ẹnu ọ̀nà wa ní kámẹ́rà tó máa ń gbé àwòrán ẹni tó bá dúró síbẹ̀ sórí fóònù. Agogo dún, mo wo fóònù, mo rí Captain, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ń rẹ́rìn-ín sí ilẹ̀kùn. Mo pa ohùn tẹlifíṣọ̀n. Mo fi ìka lé ètè mi kí Ernest má sọ̀rọ̀. Àgbà méjì dákẹ́ nínú ilé bí olè.

Ó tẹ agogo lẹ́ẹ̀kejì. "Fimíhàn, èmi ni o." Ìyàwó mi, Rẹ̀mílẹ́kún, tó wà ní shift nílé ìwòsàn, rí i lórí fóònù tirẹ̀, ó sì pè mí. "Ẹ ò rí Captain lẹ́nu ọ̀nà ni? Oòrùn ti ń mú o." Mo rọra sọ fún un pé, "Ó ti wọlé." Mo sọ bẹ́ẹ̀, mo sì ń wò ó lórí fóònù, tó ń wo ọkọ̀ mi àti ti Ernest tó wà níta. Kì í ṣe ọmọdé. Ó yé e. Kò tẹ agogo mọ́, kò pè mí. Ó yí padà, ó sì bá ẹ̀gbẹ́ títì lọ.

Ṣé àwọn ọmọ wa dúró? Wọn ò dúró o. Bí ọ̀kan ṣe ń jáde ni èkejì ń tẹ̀ lé e. Ernest ní, "Ṣebí kò sí níbí?" Mo jágbe mọ́ ọn pé Captain ti fẹsẹ̀ kan ilé ná kó tó lọ. Ẹ wo ẹnu díkónì. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti nà wá tán, Ernest sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sílé láìkí mi.

Ọjọ́ ti ń rọ̀ nígbà tí fóònù tún fi ènìyàn hàn mí. Captain ló ń bọ̀. Òógùn ti lẹ ṣẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn lẹ́yìn. Ibi tó wà láti àárọ̀, mi ò mọ̀ ọ́n títí dòní. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn wa, ó ń dúró de ọmọ rẹ̀ tó ń bọ̀ wá gbé e. Èmi nìkan ló kù nínú ilé, kò sí Ernest tí màá di ẹ̀bi rù, mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọwọ́ mi wà lórí kọ́kọ́rọ́. Mi ò ṣí i. Ojú ló ń tì mí, ìtìjú yẹn sì wá di ìkà. Bí ọkọ̀ Hikmah ṣe yọ, Captain dìde, ó kọjú sí ilẹ̀kùn tó wà ní títì, ó juwọ́, ó sì sọ ọ́ sókè kí ọmọ rẹ̀ lè gbọ́: "Ẹ ṣeun o, Fimíhàn. Ẹ kú ìtọ́jú." Ó wọkọ̀, wọ́n lọ.

Nígbà ọyẹ́ ni ó kú n'Ìbàdàn. Nígbà tí mo pe Hikmah láti bá a kẹ́dùn, ó ń sunkún. Ó ní, "Uncle, Daddy never stopped talking about that Saturday. Wọ́n ní ẹ ṣe àwọn lálejò gan-an, pé ńṣe lẹ̀ ń rọ àwọn pé kí àwọn jẹun sí i." Mo fèsì pé, "Kò tó ọpẹ́." Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ó kú tán, mo tún gba ọpẹ́ lórí rẹ̀. Èyí ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí mo kọ́ ní Sunday School, ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ yín kò ní àbùkù, olùkọ́ ló ní. Tí ẹgbẹ́ yín bá ń fìdí rẹmi, ẹ bá àwọn tó di báàtì mú wí. Ẹ má di ẹ̀bi ru àlejò.

Hikmah, mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí bí o bá lè ṣe é. Wá ẹlòmíì sórí àga yẹn, kò tọ́ sí mi. Nǹkan kan ṣoṣo ni kì í jẹ́ kí n sùn mọ́. Bí bàbá rẹ bá ti sọ fún ọ pé òun ti jẹun nílé wa, a jẹ́ pé kò lè bèèrè oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ mọ́. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, ṣé ó rí nǹkan kan jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà?