Èmi Ni Mo Yí Nọ́ńbà Armand Padà

Ẹ jọ̀ọ́, àtẹ́wọ́ yẹn tó. Ẹ jókòó. Mo mọ̀ pé ìyìn lẹ pè mí wá gbà nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì yìí, ẹ sì ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ mi ti kọṣẹ́, àwọn dókítà ní Bangor ò sì fọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi: mi ò ní bá yín rí ìkórè ọ̀dùnkún ọdún yìí. Bí mo bá gba ìyìn yìí mọ́ra tí mo sì gbé e wọ sàréè, olè ni mo jà, olè tí mo sì ti jà sẹ́yìn tó mi í jẹ. Nítorí náà, èmi Théa Voisine, tí ẹ mọ̀ sí alábòójútó ilé ìwòsàn Grand Détour, fẹ́ tú ohun kan tí mo ti dì mọ́ inú láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dópin kí ẹnikẹ́ni tó dìde.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ò mọ Dókítà Odette Saucier nígbà tára rẹ̀ ṣì le. Ọmọ ìlú yìí ni. Bàbá rẹ̀ gbin ọ̀dùnkún létí odò níhìn-ín. Ó lọ kàwé ní Boston, wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó dúró síbẹ̀, ó ní rárá, ó padà wálé, ọkọ̀ akẹ́rù bàbá rẹ̀ ló sì ń wà kiri nínú yìnyín. Nígbà kan, ọkọ̀ náà rì sọ́nà. Ó bọ́ sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn dé oko tí obìnrin kan ti ń rọbí. Nígbà tó padà dé ọ́fíìsì, yìnyín ti gan mọ́ ìpéǹpéjú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Théa, ọmọbìnrin ló bí o! Ohùn rẹ̀ ń dún bíi ti ọkọ̀ ojú irin. Ṣé kọfí ṣì kù?” Irú èèyàn tó jẹ́ nìyẹn. Èmi tí mo ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló burú jù níbẹ̀.

Nígbà tí mò ń wí yìí, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ìwé owó ìtọ́jú ti gbó, àwọn tó ṣe é sì sọ pé àwọn ò ní tún un ṣe mọ́. A ní láti yan òmíràn. Ẹ má fojú kékeré wò ó. Ohunkóhun tí Dókítà bá ṣe fún yín, inú ètò yẹn ló ń gbà dé ilé iṣẹ́ adójútòfò. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́ lọ́hùn-ún, ọrùn aláìsàn ló máa já lé. Ilé ìwòsàn kékeré bíi tiwa sì lè tì pa nítorí ètò tí a ṣì yàn, kí ẹ wá máa wakọ̀ lọ sí ìlú Caribou nígbàkigbà tọ́mọ bá ń wúkọ́.

Àwọn ọlọ́jà wá, wọ́n sọ̀rọ̀ títí ẹnu wọn fi bó. Dókítà gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó wá ní, “Ìwé tó ń tọ aláìsàn lọ nílé ni kí ẹ fi hàn mí.” Ó kó àwọn ìwé náà, ó mú mi dání, ó di ilé Armand Lagassé. Gbogbo yín lẹ mọ Armand: àgbẹ̀ ńlá tọ́wọ́ rẹ̀ dà bí ṣọ́bìrì, tó ń lo oògùn ọkàn. Ìyàwó rẹ̀, Florine, tó jókòó sí iwájú mi yìí, ń dín ployes, àkàrà pẹlẹbẹ tiwa níhìn-ín, lọ́wọ́. Dókítà gbé ìwé àkọ́kọ́ sílẹ̀ níwájú Armand, èyí tó wá láti ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Dallas. Armand wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn. Ó ní, “Dókítà, ṣé wọ́n ní mo jẹ gbèsè ni àbí wọ́n ní mo ti kú?” Florine rẹ́rìn-ín títí ployes fi jóná. Dókítà gbé òmíràn sílẹ̀, èyí tó wá láti Vermont. Armand kà á sókè dé ìparí: “Ohun tí ẹ ṣe fún mi nìyí. Ohun tí wọ́n bá mi san nìyí. Èyí tó kù fún mi nìyí. Ó tán?” Dókítà ní, “Ó tán.” Armand ní, “Ẹni tó kọ eléyìí ti jókòó nídìí tábìlì ilé ìdáná rí.”

Jolène Bossé ló rí ètò Vermont yẹn. Àgbà ni mo jẹ́ fún un, èmi ni mo gbà á síṣẹ́, tábìlì rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Òun ló fi tẹlifóònù pe àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké kiri, tó ń bi wọ́n léèrè èwo ló ń fún wọn ní ìsinmi, títí tó fi gbọ́ nípa Winifred Amsden àti àbúrò rẹ̀, tí wọ́n ń ṣe ètò yẹn nínú ilé tiwọn. Dókítà dì mọ́ ọn níwájú gbogbo wa. Ó ní, “Jolène, orí ẹ pé.” Ọ̀rọ̀ kékeré. Ṣùgbọ́n mo ti ń bá Dókítà ṣiṣẹ́ kí ọmọ yìí tó wọ ilé ìwé, kò sì dì mọ́ mi bẹ́ẹ̀ rí. Ara mi gbóná. Mo rẹ́rìn-ín, mo pàtẹ́wọ́, mo sì kórìíra ọmọ náà látìgbà yẹn.

Ọkùnrin tó ń polówó ti Dallas, Brent lorúkọ rẹ̀, rí i lójú mi. Àwọn ọlọ́jà mọ ojú èèyàn. Ó ní, “Màdáámù Théa, bẹ́ ẹ bá mú tiwa, ẹ̀yin la máa fi ṣe olùkọ́ gbogbo ilé ìwòsàn apá àríwá yìí. Ẹ máa wọkọ̀ òfuurufú wá bá wa ní Dallas. Ẹni tó mọṣẹ́ tó báyìí, kí ló ń gba àṣẹ lẹ́nu ọmọdé fún?” Kò ní kí n ba nǹkan jẹ́ o. Mi ò ní gbé ẹ̀ṣẹ̀ mi lé e lórí. Èmi ni mo ronú kan ìyẹn fúnra mi.

Dókítà ní ká dán ètò méjèèjì wò pọ̀ kí òun tó fọwọ́ sí ìwé. Jolène máa ń lọ wo ìyá rẹ̀ tí ara rẹ̀ ò yá ní ọ̀sán. Ó ti sọ ọ̀rọ̀ tó fi ń ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún mi tipẹ́, nítorí ó fọkàn tán mi. Bó bá ti jáde, màá jókòó sí àga rẹ̀ tó ṣì gbóná, màá ṣí ètò Vermont, màá sì yí nọ́ńbà adójútòfò àwọn aláìsàn padà. Mẹ́ta á di mẹ́jọ, ẹyọ kan níhìn-ín, ẹyọ kan lọ́hùn-ún. Láìpẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ iṣẹ́ wa, wọ́n ní àwọn ò mọ àwọn èèyàn wọ̀nyí rí. Jolène kó àwọn ìwé tí wọ́n dá padà wá bá mi. “Àǹtí Théa, mi ò mọ ohun tó ń ṣe mí o. Mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí n tó fi ránṣẹ́.” Mo fọwọ́ pa á lẹ́yìn. “Ó rẹ̀ ẹ́ ni, ọmọ mi. Rọra.” Ẹ gbọ́ ẹnu mi! Ọmọ mi!

Mo rò pé lọ́dọ̀ wa ni wàhálà náà máa mọ. Mo fẹ́ kí ètò Vermont dójú ti Jolène, kó parí síbẹ̀. Ohun tí mi ò rò ni pé bí ilé iṣẹ́ adójútòfò bá ti kọ iṣẹ́ kan, ètò náà fúnra rẹ̀ ló ń fi ìwé gbogbo owó náà ránṣẹ́ sí aláìsàn nílé pé kó san án. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé ṣe dé ọ̀dọ̀ Armand, gbogbo owó ìtọ́jú ọkàn rẹ̀ lápapọ̀. Ìwé tó yé èèyàn yékéyéké sì ni, ẹ rántí. Armand kà á, ó yé e. Kò sọ fún Florine. Ó ká a, ó kì í bọ àpò ẹ̀wù. Kò wá sọ́dọ̀ Dókítà mọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá oògùn rẹ̀ sí méjì kó lè pẹ́ tán, kó má baà di pé wọ́n ta ilẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ máa jogún.

Àsìkò ìkórè ni. Ilé ìwé ti wà ní títì nítorí ìkórè, àwọn ọmọ wà lóko. Armand ṣubú sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ tó ń hú ọ̀dùnkún. Dókítà ló kọ́kọ́ débẹ̀, kí ọkọ̀ aláìsàn tó dé. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ń fọwọ́ tẹ àyà rẹ̀, ó ń pariwo mọ́ ọn: “Armand! Mi ò tíì ní kó o lọ! Ṣé o gbọ́ mi, alágídí yìí?” Ọkàn rẹ̀ padà lù. Àmọ́ kò gun katakata mọ́ títí tó fi kú. Nígbà tí wọ́n bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, wọ́n rí ìwé náà.

Ibi tó burú jù nìyí. Dókítà pe èmi àti Jolène sí yàrá rẹ̀, ẹrẹ̀ ṣì wà ní orúnkún rẹ̀. Ó ní, “Ta ló kọ nọ́ńbà yìí?” Jolène tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó ní, “Orúkọ mi ló wà níbẹ̀, Dókítà. Èmi ni. Mi ò rántí, ṣùgbọ́n èmi ni.” Dókítà yíjú sí mi. “Théa, kí lo rí?” Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún mi níbẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kí n sọ. Mo ní, “Ẹ má bínú sí i, Dókítà. Ọkàn rẹ̀ ò sí níṣẹ́ látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti ń ṣàìsàn ni.” Ohùn jẹ́jẹ́ ni mo fi sọ ọ́, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún un. Jolène dì mọ́ mi, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Dókítà ò lé e. Ó wakọ̀ lọ bá Armand ní ọsibítù, mo tẹ̀ lé e. Ó dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ní, “Armand, Florine, èmi ni mo ṣe èyí. Orúkọ mi ló wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn yẹn.” Kò dárúkọ Jolène. Armand ní, “Dókítà, ẹ ti ṣẹ́ mi légungun ìhà níbi tí ẹ ti ń tẹ àyà mi. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ọ̀mì.” Winifred Amsden náà wakọ̀ láti Vermont wá, odindi ọjọ́ kan lójú ọ̀nà. Ó jókòó ti Jolène, ó wo ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ní, “Ọmọ yìí kọ́. Ètò wa ló gba nọ́ńbà tí kò bá orúkọ mu, tí kò sì pariwo. Èmi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.” Kò lọ títí tó fi tún un ṣe. Láti ìgbà yẹn, ìwé kankan kì í tọ aláìsàn lọ kí èèyàn tó fojú rí i, kó sì kọ́kọ́ pe aláìsàn náà. Dókítà fọwọ́ sí ti Vermont lójú ẹsẹ̀. Ó ní ẹni tó lè sọ pé “èmi ni” lòun fẹ́ bá da òwò pọ̀.

Ẹ wo nǹkan! Obìnrin mẹ́ta ń fa ẹ̀bi mọ́ra wọn bí ẹni ń du ogún, èmi tí mo ni ín ń bu kọfí fún wọn. Ètò tí mo fẹ́ bàjẹ́ yẹn náà ló gbé ilé ìwòsàn wa dúró títí dòní, òun náà lẹ sì ń tìtorí rẹ̀ yìn mí, ẹ ní mo mọ̀ ọ́n lò. Jolène ò dúró. Dókítà bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Ó lọ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gé ọ̀dùnkún díndín, níbi tí kò ti ní fọwọ́ kan nọ́ńbà ẹnikẹ́ni. Dókítà Saucier kú nígbà òtútù tó kọjá láìmọ ohun tí mo ṣe. Mo dì í lọ́wọ́ mú nígbà tó ń kú lọ, mi ò sì sọ ọ́.

Florine, iṣẹ́ oko ni mo gbà lọ́wọ́ ọkọ rẹ. Mo bẹ̀ ẹ́, dárí jì mí bí o bá lè ṣe é. Bí o ò bá lè ṣe é, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn yẹn báyìí, ọjọ́ tí wọ́n bá yin ẹlòmíì níwájú yín tí àyà yín sì gbóná, ẹ dìde kúrò nídìí kọ̀ǹpútà, ẹ lọ rìn létí odò kára yín tó balẹ̀.

Mo ránṣẹ́ pe Jolène lọ́jọ́ Sunday. Ó wá, ó jókòó, mo sọ fún un. Ó ní, “Àǹtí, ẹ tún un sọ.” Mo tún un sọ. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọn fún un. Ó ní, “Nígbà tí ìyá mi ń kú lọ, mi ò fún un lóògùn rí. Àbúrò mi ló ń fún un. Ẹnu ọ̀nà ni mò ń dúró sí. Mo rò pé mo máa ṣì í fún un, kí n pa á.” Ó dìde. Mo rò pé ó ń lọ ni. Ó lọ sídìí tábìlì mi, ó mú ìgò oògùn mi, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ fínnífínní, ó da oògùn sọ́wọ́, ó kà á, kò tún un kà. Ó bu omi, ó gbé oògùn náà sí mi lẹ́nu.

Ó ní, “Mi ò tíì dárí jì yín o. Ẹ gbé e mì.”

Mo gbé e mì.