Pèrègún Tí Mo Hú Ti Padà Yọ

Ewé mẹ́ta péré ni mo kọ́kọ́ rí, wọ́n dúró ṣánṣán láàárín tòmátì mi, láti òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò sì ti balẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má ṣe fi mí rẹ́rìn-ín pé ewé lásán ló kó jìnnìjìnnì bá mi. Ìmọ̀ nípa ewéko ni èmi tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí kà ní yunifásítì, orí gbòǹgbò ni mo sì kọ ìwé ìwádìí mi lé kí wọ́n tó fún mi ní oyè ọ̀mọ̀wé ní Ìlú Ọba. Bí ẹnì kan bá wà ní gbogbo Ọ̀fà tí kò yẹ kí ewé yà lẹ́nu, èmi ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò mí lónìí, mo ti di ẹni tí ń yọ́ wọ ẹ̀yìnkùlé ilé bàbá rẹ̀ bí olè. Olè náà sì ni mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ̀ pé mo ń jalè nígbà tí mo ń jà á.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo lò ní òkè òkun. Nígbà tí bàbá mi kú, tí orókún ìyá mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú, mo kó ẹrù mi, mo padà wálé, nítorí èmi nìkan ni wọ́n bí. N kò ní purọ́ fún yín, mo fi orí sókè wọ ìlú. Nínú yàrá mi lọ́hùn-ún, pèrègún kan wà tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù, nínú ìkòkò funfun. Àwọn aláwọ̀ funfun a máa gbé e sí pálọ̀ wọn fún ẹwà, èmi náà sì ń fi aṣọ tútù nu ewé rẹ̀ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ. Àfi ìgbà tí mo dé ilé wa tí mo rí pèrègún mọ́kànlá tí wọ́n tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ lẹ́yìnkùlé, tí eruku bò wọ́n, tí ewúrẹ́ ń fi ara yún wọn, tí adìyẹ ń sùn sí wọn nídìí. Mo mi orí. Mo sọ nínú ara mi pé àwọn èèyàn wa kò mọ ohun tí wọ́n ní. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìgbéraga!

Láàárín ọjọ́ méjì ni mo hú gbogbo wọn. Ìyá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn lórí àga rẹ̀, ó ń wò mí. Ó bi mí pé ṣé gbogbo rẹ̀ náà ni n óò hú, mo sì dá a lóhùn pé pálọ̀ rẹ̀ máa tó dà bí ti òtẹ́ẹ̀lì. Ó rẹ́rìn-ín. Mo gé igi wọn sí ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì méjì, mo tì wọ́n bọ omi títí wọ́n fi ta gbòǹgbò, mo sì gbìn wọ́n sínú ìkòkò amọ̀ tí mo rà ní Ìlọrin. Ẹ̀yìnkùlé ńkọ́? Mo tú gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ palẹ̀, mo da ìlẹ̀dú sí i, mo kọ ebè tó gún régé fún tòmátì, ata àti tẹ̀tẹ̀. Nígbà tí mo parí, kò sí ẹni tó lè tọ́ka sí ibi tí pèrègún kan ti dúró rí, èmi pàápàá kò sì lè ṣe é. Àwọn àlejò ń wá wo pálọ̀ wa, wọ́n ń ya fọ́tò, àwọn ará àdúgbò sì sọ mí ní Dókítà Ewé. Orúkọ náà dùn mọ́ mi, ó tún dùn mọ́ ìyá mi jù mí lọ.

Alhaja ni aládùúgbò wa, ilé rẹ̀ ló kángun sí tiwa ní apá ọ̀tún. Ṣọ́ọ̀ṣì ni àwa ń lọ, mọ́ṣáláṣí ni tiwọn, ṣùgbọ́n láti kékeré mi, ẹran Iléyá wọn kì í kọjá wa, ìrẹsì Kérésì wa kì í sì í kọjá wọn. Ẹ̀yìn obìnrin yìí ni mo sùn sí nígbà tí ìyá mi bá lọ sí ẹnu iṣẹ́ olùkọ́ rẹ̀. Ní ìgbà ọyẹ́, ó wá kí wa, ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó wo ebè mi títí. Lẹ́yìn náà ni ó rọra sọ̀rọ̀.

“Ọmọ mi, ààlà dà?”

Bàbá mi àti ọkọ rẹ̀ olóògbé ló jọ fi ọwọ́ ara wọn gbin pèrègún wọ̀nyẹn. Ṣé n kò mọ̀ pé pèrègún ni àwọn àgbà fi ń pa ààlà ni? Mo mọ̀ ọ́n, mo tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé mi rí. Ohun tí n kò bi ara mi léèrè ni bóyá ààlà tiwa ni mo ń hú. Dípò kí n tọrọ àforíjì, mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ní kí Alhaja fọkàn balẹ̀, pé inú ìwé ni ààlà wà, kì í ṣe nídìí igi.

Mo gbé ìwé sáfè bàbá mi jáde. Ogún ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n kọ síbẹ̀, láti igun ilé wa dé ààlà. Mo fa téèpù lẹ́ẹ̀mẹta, iye kan náà ni mo bá. Mo pe bíríkìlà, ó gbẹ́ ìpìlẹ̀ ògiri. Ibi tí ó gbẹ́ dé gba àárín ewúro Alhaja kọjá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan fèrèsé rẹ̀. Alhaja ní rárá, mo ti wọ ilẹ̀ òun, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ Baálé agboolé.

Níwájú àwọn àgbà, Alhaja kò pariwo. Ó ní láàárín pèrègún àti fèrèsé òun, ènìyàn lè ru igbá ńlá kọjá kó má kan ògiri, pé ibẹ̀ ni òun ń gbà lọ ṣe àlùwàlá láti ìgbà tí òun ti jẹ́ ìyàwó. Èmi dìde, mo tẹ́ ìwé sílẹ̀, mo ṣàlàyé bí olùkọ́ ṣe ń ṣàlàyé fún ọmọ kíláàsì. Àgbà kan fi Alhaja ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ṣé kì í ṣe pé ojú ti ń ṣe bàìbàì, tí ewúro fi ń dà bí pèrègún lójú rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Baálé wá kọjú sí ìyá mi, ó ní ìyá mi ló ti ń gbé ilé náà pẹ́ jù nínú gbogbo wa, kí ó sọ ibi tí pèrègún wà. Ìyá mi wo ilẹ̀.

“Ibi tí ọmọ mi wọ̀n dé náà ni.”

Alhaja yíjú sí i. “Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà?” Ó sì gbọn etí ìborùn rẹ̀, ó bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Ògiri dìde. Yàrá Alhaja ṣókùnkùn, ọ̀nà àlùwàlá rẹ̀ di ibi tí ènìyàn ń fi ẹ̀gbẹ́ kọjá. Àwọn kan ní àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀ pé Mẹ́kà tí ó lọ kò fọ ojúkòkòrò rẹ̀ nù. Kí oṣù tó parí, ọmọbìnrin rẹ̀ wá mú un lọ sí ilé tirẹ̀ ní Ojoku. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tiwa kò lo ogún ọdún, ọ̀gbẹlẹ̀ kan péré ni ó lò. Òjò mẹ́ta rọ̀, pèrègún sì yọ.

Ọ̀kan kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n di mẹ́rin. Lórí ìlà tààrà ni wọ́n wà, ìgbésẹ̀ ọkùnrin kan ló wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí àwọn bàbá méjì yẹn ṣe gbìn wọ́n. Mo fi ọwọ́ wa ilẹ̀ nídìí àkọ́kọ́, mo kan kùkùté tó nípọn bí ọrùn ọwọ́, ojú ọgbẹ́ ṣọ́bìrì mi sì wà lára rẹ̀ síbẹ̀. Mo fa téèpù. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ni ó fi jìnnà sí ògiri, ní apá ọ̀dọ̀ wa. Níbo ni mo ti ṣìṣe? Mo rìn yí ilé ká títí mo fi rí i: yàrá ìkẹ́rùsí tóóró kan tí bàbá mi fi kún ẹ̀gbẹ́ ilé lẹ́yìn tí mo ti lọ sí òkè òkun. Ìbú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin gééré. Igun tuntun ni mo ti wọ̀n, igun àtijọ́ ni ìwé sáfè ń sọ.

Mo sáré wọlé lọ bá ìyá mi níbi tí ó ti ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Mo rò pé ẹnu yóò yà á bí ó ti ya èmi. Ó tẹ́tí títí mo fi sọ̀rọ̀ tán.

“Ṣé ẹnikẹ́ni ti rí i?”

Mo ní rárá.

“Gbé omi kaná, kí o dà á sí i nídìí.”

Ẹ̀yin ènìyàn, mo rò pé mo ṣì í gbọ́ ni! Ìyá mi, olùkọ́ Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi fún ọgbọ̀n ọdún! Mo bi í pé ṣé ó mọ̀ ni. Ó ní láti ọjọ́ tí mo ti fa téèpù láti igun yàrá ìkẹ́rùsí ni òun ti mọ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ṣẹ́ ẹ̀gúsí bíi márùn-ún sí i kí ó tó dáhùn.

“Ogún ọdún ni mo fi ń fi ìwé rẹ yangàn ní àdúgbò yìí. Nígbà tí o dé, wọ́n ní ìlú òyìnbó ló lé ọ wálé. Ṣé níwájú àwọn àgbà yẹn ni kí n tún ti sọ pé o kò mọ ìwọ̀n ilẹ̀ bàbá rẹ?”

Iyì mi ni ó ń dáàbò bò, ìgbéraga tèmi ló sì fi ọ̀rọ̀ náà sí i lẹ́nu.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ sí Ojoku láti lọ jẹ́wọ́. Alhaja jókòó sábẹ́ ibòji, ó ń bó àgbàdo. Inú rẹ̀ dùn láti rí mi, ó béèrè orókún ìyá mi, ó béèrè àwọn ewé inú pálọ̀. Mo ṣì ń wá ọ̀nà tí n óò gbà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó sọ pé ó dára tí mo wá, pé òun ti fẹ́ bẹ̀ mí.

“Ó dá mi lójú nígbà yẹn, ọmọ mi. Mo ń rí pèrègún yẹn kedere. Àṣé ogbó ti dé, orí mi ló ti ń darí sí ibòmíràn. Má bínú sí mi.”

Ọmọ rẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní láti ìgbà ọ̀rọ̀ ààlà yẹn ni àwọn kò ti jẹ́ kí ìyá àwọn dáná mọ́, pé àwọn ti gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí báyìí ni ìgbàgbé ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Alhaja di àgbàdo díẹ̀ fún ìyá mi, ó ní kí n bá òun kí i. Mo gbà á. Mo gbé e wálé. N kò jẹ́wọ́ ohunkóhun!

Mo ti bá bíríkìlà sọ̀rọ̀, ògiri yóò wó ní Sátidé, mo sì ti ní kí Baálé pe àwọn àgbà jọ, kí wọ́n sì ránṣẹ́ sí Alhaja àti ọmọ rẹ̀. N óò sọ pé èmi ni mo ṣi ilẹ̀ wọ̀n. Èyí kò ṣòro fún mi mọ́. Ohun tó ń pa mí lẹ́kún ni ọ̀rọ̀ tí ìyá mi sọ nígbà tí mo gbé àgbàdo yẹn sí i níwájú. Ó wò ó títí, kò fọwọ́ kàn án, ó wá ní kí n sọ fún wọn pé òun gbàgbé ni, pé kò sẹ́ni tí yóò bá arúgbó jà nítorí ìgbàgbé. Ìgbàgbé! Ẹrù tí a gbé lé Alhaja lórí, tí kì í ṣe tirẹ̀, ni ìyá mi fẹ́ fi bora báyìí. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, irọ́ kejì ni mo fi nu ojú èkíní. Bí mo bá sì sọ òtítọ́, níwájú gbogbo agboolé ni n óò ti pe ìyá tó bí mi ní òpùrọ́, lórí irọ́ tí ó pa nítorí mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá, ẹ̀yin tí ẹ sì ti di ìyá, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Sátidé tó dé. N kò lè jókòó sí pálọ̀ mọ́ nítorí àwọn ìkòkò yẹn. Ẹ̀yìnkùlé ni mo máa ń wà. N kò gbé omi kaná. Pèrègún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ga dé ọrùn ẹsẹ̀ mi báyìí, omi tútù ni mo ń bu sí wọn láràárọ̀, ìyá mi a sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn lórí àga rẹ̀, a máa wò mí.