Orúkọ Tí Mo Kọ Sára Pátákó Oko Olóògbé

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Ó ti lé ní oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń gbé irọ́ kan kiri, mi ò sì sọ ọ́ fún ìyàwó mi pàápàá. Ọ̀sẹ̀ yìí ni mo rí i pé kò ṣeé gbé mọ́, torí ẹni tí mo ṣẹ̀ ń bọ̀ ní Sátidé. Mo ti yí orúkọ gbogbo wa padà.

Òkè òkun níbí, ní Hyattsville, ni mò ń gbé. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, mo sì máa ń fọ́nnu nípa rẹ̀. Ní mọ́ṣáláṣí wa, bí kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni bá daṣẹ́ sílẹ̀, èmi ni wọ́n máa ń wá.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Sìdí, àti ọkọ wọn, Bọ̀dá Gàníyù, ń gbé ní Hillcrest Heights. Bọ̀dá fẹ́ràn géèmù oko dídá kan, géèmù àtijọ́ tó jẹ́ pé Windows nìkan ló mọ̀. Nígbà tí láptọ́ọ̀pù wọn darúgbó tí kò lè gbé Windows mọ́, mo fi Linux, tó fúyẹ́ jù ú lọ, rọ́pò rẹ̀. Mo wá fi ètò kan kún un tó ń ṣe bí ògbufọ̀: àwòrán tí géèmù bá ní kí wọ́n yà ní èdè Windows, á túmọ̀ rẹ̀ kí Linux lè yà á. Ètò náà á tún dá fódà kan sílẹ̀, á máa tan géèmù níbẹ̀ pé inú Windows ló ṣì wà. Inú fódà yẹn náà ni gbogbo ohun tí Bọ̀dá bá gbìn máa ń wà.

Ọmọ àgbẹ̀ ni Bọ̀dá, láti apá Ìsẹ́yìn. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi dá oko yẹn. Kò sí iṣu nínú géèmù náà, ni wọ́n bá to ọ̀dùnkún ní ebè-ebè bí iṣu. Pátákó kan wà níwájú ilé inú oko, wọ́n kọ “OKO MÚÍNÁ” sí i.

Múínátù ni ọmọ tí Bọ̀dá bí sí Ìbàdàn kí wọ́n tó fẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Àwọn fúnra wọn ò rí ọmọ bí, ó sì ń dùn wọ́n, mi ò dá wọn lẹ́bi. Ẹ̀gbọ́n mi kì í wo oko náà rárá, wọ́n á ní àgbàlagbà ń ṣeré ọmọdé. Nígbà yẹn, mo rò pé èmi nìkan ni mo mọ ohun tó wà lára pátákó yẹn.

Bọ̀dá kú lójijì níbi iṣẹ́. Ó tó ọjọ́ mẹ́rin tí àwọn àti ẹ̀gbọ́n mi ò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀, lórí ọ̀rọ̀ Múínátù yìí kan náà ni. Ẹ̀gbọ́n mi ò kí wọn pé ó dàbọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n jáde lọ.

Lẹ́yìn fídáù ogójì ọjọ́, ẹ̀gbọ́n mi pè mí wá sílé wọn. Wọ́n ti rù kan eegun. Wọ́n gbé láptọ́ọ̀pù náà síwájú mi.

“Látí, mi ò fẹ́ kó o touch anything o,” wọ́n ní. “Oko yẹn nìkan ni mo fẹ́ rí. Six years, mi ò wò ó rí.”

Mo ṣí géèmù náà, ojú rẹ̀ dúdú. Láptọ́ọ̀pù náà ti pẹ́ ní títì, mo sì ti kọ́kọ́ fún un ní gbogbo àtúnṣe tuntun tó ń dúró dè é, bẹ́ẹ̀ ni ògbufọ̀ náà ò gbọ́ ohun tí géèmù ń wí mọ́. Kì í ṣe nǹkan tuntun fún àwa tí à ń ṣe é. A ó pa fódà yẹn rẹ́, ètò náà á dá òmíràn, géèmù á sì ṣí. Géèmù ìsinsìnyí sábà máa ń fi iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn pa mọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò sí ohun tó máa sọnù. Ti àtijọ́ yìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi yá ju orí mi lọ. Mi ò ṣe ẹ̀dà kankan. Mo pa á rẹ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wà ní kíṣìnì, tí wọ́n ń bu oúnjẹ fún mi.

Géèmù náà ṣí. Kò ṣí dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Koríko tutù yọ̀yọ̀, odò ń ṣàn, kò sí ebè kan ṣoṣo.

Mo yára pa á dé. Mo purọ́ pé nǹkan kan ló bà jẹ́ nínú rẹ̀, pé mo máa gbé e lọ sílé. Mo wá gbogbo ọ̀nà láti gba oko náà padà, kò ṣeé ṣe. Ni mo bá jókòó tì í, òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, mò ń fi orí rántí, mò ń gbìn ín padà. Nígbà tí mo dé ibi pátákó, mo dúró. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní parọ́ fún yín, mi ò gbàgbé. Ẹ̀gbọ́n mi ni mo rò, mo wá kọ “OKO SÌDÍ”. Mo sọ fún ara mi pé àánú ni.

Nígbà tí wọ́n rí i, wọ́n fọwọ́ kan ojú kọ̀ǹpútà náà.

“Ó kọ orúkọ mi,” wọ́n ní. “So kò bínú sí mi.”

Wọ́n sunkún, mo bá wọn sunkún, ojú sì ń tì mí. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń jẹun. Wọ́n padà síbi iṣẹ́. Gbogbo Jímọ̀ ni wọ́n ń ṣí oko náà kí wọ́n tó lọ kírun, wọ́n á ṣàdúà fún ọkọ wọn. Ohun tó wá dá mi lágara ni pé àwọn fúnra wọn ló wá nọ́ńbà Múínátù, tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìpínlẹ̀ mìíràn níbí. Wọ́n ní bí ọkọ àwọn bá lè fẹ́ràn àwọn tó báyẹn, kí ni àwọn tún ń bá ọmọ rẹ̀ jà sí. Wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí ìyá àti ọmọ báyìí. Irọ́ mi ni ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Ní Sátidé, Múínátù máa wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí New Carrollton, èmi ni màá lọ pàdé rẹ̀. Ó pè mí lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

“Uncle, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ rí board yẹn,” ó ní. “Daddy sọ fún mi pé orúkọ mi ló wà níbẹ̀. Wọ́n ní tí àwọn bá ti ṣí i láàárọ̀, èmi ni àwọn máa ń kọ́kọ́ kí.”

Mo ní kí Ọlọ́run mú un dé láyọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi náà ti ń múra láti fi oko náà hàn án, kí ó lè rí bí bàbá rẹ̀ ṣe fẹ́ràn àwọn tó.

Bí mo bá fi pátákó náà sílẹ̀ bó ṣe wà, ọmọ náà á gbà pé irọ́ ni bàbá òun ń pa fún òun. Bí mo bá yí i padà, ẹ̀gbọ́n mi á tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀fọ̀ lákọ̀tun, wọ́n sì lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ náà. Mo ti rò ó pé kí n kọ orúkọ àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo ti fi sí òkú lẹ́nu ti tó. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá. Tèmi ò tiẹ̀ pé ọdún kan.

Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bọ̀dá Gàníyù ò sí mọ́ kí n bẹ̀ wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Sátidé tó dé. Ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún: ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n rò pé ọkọ wọn ti dárí jì wọ́n, àbí ọmọ tí mo pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú oko bàbá rẹ̀?